Bíríkì Ọ̀sán Gangan

Kí ó tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rárá, orí òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ gùn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, lẹ́yìnkùlé ilé ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Òṣùwọ̀n fi kìlógíráàmù 58.4 hàn. Ó ṣí ìwé kékeré kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó fi bírò ha àárín ìwé náà, ó wá yíjú sí mi.

"Dádì Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lónìí. Ẹ má ké sí mi pé kí n sáré o. Bó ti wù kí n máa lọ, ẹ jẹ́ n máa lọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Mo gbà.

Mo fẹ́ràn láti máa wo ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é. Mo ti jókòó ti àwọn aláró ní Abẹ́òkúta, mo ti dúró ti àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo máa ń wá lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ìyára. Ibi tí ọwọ́ ti ń dúró ni mò ń wá: ìgbà tí aláró yóò fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, tí yóò gbé e sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tí kò ní jẹ́ kó yá jù, tí kò sì ní jẹ́ kó pẹ́ jù. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ọmọ yìí ti ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé agbára ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ náà ti ń dúró.

Ìdíje tó ń múra fún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Galveston ni, ìlú etí òkun kan ní ìpínlẹ̀ Texas, tí àwọn ẹbí wa tó wà ní Houston yóò ti wá wò ó. Tráyátílọ́ọ̀nì ni wọ́n ń pe eré náà: èèyàn yóò wẹ odò, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sáré, kò sì sí ìsinmi láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdajì eré tí wọ́n ń pè ní Ironman ni èyí tó ń lọ fún: kìlómítà 1.9 nínú omi, 90 lórí kẹ̀kẹ́, 21.1 lẹ́sẹ̀. Galveston tẹ́ pẹrẹsẹ, kò lókè. Atẹ́gùn òkun àti ọ̀rinrin ló ń bá èèyàn jà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yan Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà tó lọ láti Ẹ̀pẹ́ sí oríta Eleko gùn, ó tẹ́, kọnkéré ni wọ́n sì fi ṣe é, bí oòrùn bá sì ti mú un, ooru a máa jáde lára rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ṣí ìdérí ìkòkò.

Ètò ọjọ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ: wákàtí mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́, wákàtí kan lẹ́sẹ̀, kí eré ẹsẹ̀ sì bọ́ sí ọ̀sán gangan. Bíríkì ni àwọn eléré yìí ń pe ọjọ́ tí wọ́n bá so kẹ̀kẹ́ mọ́ eré sísá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa wa mọ́tò bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí iná ẹ̀yìn máa ṣẹ́jú, nítorí tirélà àti táńkà tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote àti èbúté Lekki kò jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣeé dá gùn.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣe é ní ìdájí, bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó ní ara òun ti gbàgbé oòrùn. Victoria Island ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú òtútù ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́. Òtútù ẹ̀rọ náà ló ń wà nínú mọ́tò, òun ló sì ń bá sùn. A lè bí èèyàn sí ilẹ̀ gbígbóná, kí ara rẹ̀ má mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ooru. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni ara fi ń kọ́ ọ, bí èèyàn bá ń jẹ́ kó làágùn dáadáa lójoojúmọ́. Omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ọkàn kò sì ní máa lù kì-kì-kì bíi ti tẹ́lẹ̀. Òógùn yóò tètè máa jáde, yóò pọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ yóò dínkù, torí ara ti mọ̀ pé iyọ̀ kò ṣeé fi ṣòfò. Bí olúwarẹ̀ bá padà sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo ẹ̀kọ́ náà yóò ṣí lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni ọmọ yìí kò ti tan ẹ̀rọ amúlétutù inú mọ́tò rẹ̀ mọ́.

Ìgò mẹ́ta ló gbé jáde nínú kúlà. Àkọ́kọ́ kò dì rárá. Ìkejì ti dì dé ìdajì. Ìkẹta ti di òkúta yìnyín láti òru. Mo rò pé fírísà ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó yá ni mo rí i pé wákàtí mẹ́ta ló fi ìgò mẹ́ta náà wọ̀n: ìgbà tó bá máa kan ìkẹta, oòrùn yóò ti yọ́ ọ tó láti mu, yóò sì ṣì tutù nígbà tí ara ń fẹ́ òtútù jù lọ. Ohun tó wà nínú wọn ni omi, ṣúgà, iyọ̀, àti ọsàn wẹ́wẹ́ tó fún sí i. Ìyá mi tọ́ ọ wò. "Ṣé omi ọmọ tó ń ṣu gbuuru kọ́ nìyí?" Òun náà ni. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ àwọn ìyá wa láti máa pò nílé ni ọ̀pọ̀ àwọn eléré ayé ń rà ní ọ̀wọ́n gógó nínú ìgò aláràbarà. Iyọ̀ àti ṣúgà ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ìfun, omi a sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Ó dùn mọ́ mi pé ohun tí ìyá mi fi tọ́ wa ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé dè mọ́ kẹ̀kẹ́.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la gbéra. Ìlọra rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ọlọ́kadà kan tó gbé èrò méjì wá sún mọ́ ọn, wọ́n ń pè é pé kó wá bá wọn díje. Kò yí orí. Láti inú mọ́tò ni mo ti ń ka bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yí: 90 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn wákàtí kan mo tún kà á, 90. Nígbà tí wákàtí kẹta fẹ́ pé, 89. Jíà tó fúyẹ́ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè fi èyí tó wúwo tẹ̀ ẹ́, kí ó máa yí i ní 60, kẹ̀kẹ́ náà ì bá lọ déédéé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n itan ni yóò san owó rẹ̀, itan kan náà ló sì tún fẹ́ fi sáré. Láti ìbàdí rẹ̀ sókè, nǹkan kan kò mì. Ìgúnpá méjèèjì wà lórí ìgbọ́wọ́lé, orí wà nílẹ̀, ẹ̀yìn tẹ́. Bí a bá gbé abọ́ omi lé e lẹ́yìn, n kò rò pé yóò dà.

Mo kọ́kọ́ ń ṣọ́ kòtò fún un, bí àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́ tí mo fi dẹ́kun. Ojú rẹ̀ ti ń wo ọ̀nà jìnnà ju tèmi lọ. Níbi tí iyanrìn bá ti bo etí ọ̀nà, kì í dé ibẹ̀ kó tó yà. Yóò ti máa rọra sún wọlé láti ọ̀ọ́kán, tí èèyàn kò fi ní mọ̀ pé ó yí ọ̀nà padà. Tirélà ni mo bẹ̀rù jù. Kí ó tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo máa ń rí i tí ìka rẹ̀ ń dì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí orúnkún rẹ̀ ń sún mọ́ igi àárín. Atẹ́gùn iwájú tirélà a tì í síta, èyí tó wà lẹ́yìn a fà á wọlé. Láàárín títì àti fífà yẹn, kẹ̀kẹ́ náà kì í yẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ó mọ̀ pé wọn yóò tì òun, ó sì mọ ìgbà tí wọn yóò fà òun, torí náà kò bá èyíkéyìí jà.

Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago ọwọ́ rẹ̀ a dún, yóò sì mu ẹnu méjì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tàbí kò gbẹ ẹ́, ẹnu méjì ni. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ gan-an, ẹnu méjì náà ni, nítorí omi lásán tó bá pọ̀ jù a máa fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dànù, ó sì ti pa eléré-ìje rí bí àìrí-omi-mu ṣe lè pa á.

Atẹ́gùn òkun dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Bó bá ń lọ sí Eleko, iwájú ni atẹ́gùn náà ti ń kọlù ú, mo sì ń ṣàánú rẹ̀. Nígbà tó ṣẹ́rí padà sí Ẹ̀pẹ́, tí atẹ́gùn bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, inú mi dùn, mo ní ó ti rí ìrọ̀rùn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà jù lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí atẹ́gùn ń tì lẹ́yìn, tó sì ń bá atẹ́gùn náà lọ lọ́gbọọgba, inú afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan ló wà. Nǹkan kan kò fẹ́ sí i lára mọ́. Kẹ̀kẹ́ ń sáré, ara ń gbóná. Ìgbà ìpadàbọ̀ yẹn ló ń dín agbára kù. Ìgbà náà ló ń da omi sí ọrùn àti sí apá, tó sì ń gbé orí sókè díẹ̀ kúrò ní ìdúbúlẹ̀ kí ìwọ̀nba atẹ́gùn tó bá ṣẹ́kù lè kan àyà rẹ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́ ì bá ti fi ẹ̀bùn atẹ́gùn náà sáré tete.

Ìyá mi ṣì ní àmù kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ara àmù yẹn ni ọ̀rọ̀ ooru yìí ti wá yé mi. Omi inú àmù a máa tutù nítorí pé amọ̀ ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ a gbà á lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi àmù a máa tutù débi pé eyín a máa ta èèyàn. Ní etí ọ̀sà, tí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, àmù a kàn máa làágùn lásán ni, omi rẹ̀ a sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ara wa rí. Òógùn tó bá gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Èyí tó bá ń kán sílẹ̀ tótó, ara ti fi omi àti iyọ̀ rẹ̀ ṣòfò ni, kò sì rí òtútù kankan gbà. Ooru tó sì wà nínú ara eléré kì í ṣe kékeré: nínú gbogbo agbára tí iṣan bá sun, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń di ìrìn, ìyókù, ooru ni. Ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ooru náà wá sí awọ, ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà ni ẹsẹ̀ ń béèrè. Ọkàn kan ṣoṣo ló ń pín in fún àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fún ẹsẹ̀ ní gbogbo rẹ̀, inú ara rẹ̀ yóò máa sè.

Àwọn tó mọṣẹ́ yìí ju gbogbo ayé lọ náà ti ṣi òṣùwọ̀n yìí rí. Paula Newby-Fraser, tí wọ́n bí ní ìlú tó ń jẹ́ Harare lónìí, tí ó sì dàgbà ní South Africa, ti gba ife Ironman ti Hawaii lẹ́ẹ̀méje kí ọdún 1995 tó dé. Lọ́dún náà, òun ló wà níwájú nígbà tí eré fẹ́ parí. Ó kọjá níbi tí wọ́n ti ń pín omi láìmu tó, torí pé ó ń kánjú, ó sì ṣubú nígbà tó ku díẹ̀ kó fọwọ́ ba òpin. Orí ọ̀dà ló dùbúlẹ̀ sí tí àwọn ẹlòmíràn fi kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé, ó sì ṣe ipò kẹrin. Lọ́dún 1996 ó padà síbẹ̀, ó sì gba ìkẹjọ. Ìtàn yìí ni ọmọ àbúrò mi sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdé, nígbà tó ń wọn iyọ̀. Kò sọ ọ́ bí ìtàn ìbànújẹ́. Ó sọ ọ́ bí káfíńtà ṣe máa ń fi ibi tí igi ti ya han ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Aago mọ́kànlá la tún dé iwájú Ẹ̀pẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, ó tún mú kí jíà fúyẹ́ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí fúyẹ́fúyẹ́, ó dìde lórí kẹ̀kẹ́, ó na ẹ̀yìn, ó mu ohun tó kù nínú ìgò kẹta. Yìnyín tó kéré bí ẹyọ iṣin ló ṣẹ́kù sídìí rẹ̀.

Ó ti to gbogbo nǹkan sórí ẹní kan lẹ́nu géètì kó tó kúrò nílé, bí ọwọ́ yóò ṣe máa kàn wọ́n ló ṣe tò wọ́n: ibi tí akoto yóò wà, bàtà tí okùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà kó má baà máa dúró so ó, fìlà, àti kúlà tí ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan tí a rọ yìnyín kún wà nínú rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó wọ bàtà, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ yìnyín kọ́ ọrùn, ó da yìnyín ẹ̀kúnwọ́ kan sínú fìlà, ó dé e. Ó ti lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, n kò sì rí ibi tó ti kánjú.

Àgbègbè etí ọ̀sà ló ti sá a, ìyípo mẹ́rin, kìlómítà méjì ààbọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. A máa wúwo bíi bíríkì tí wọ́n fi pe ọjọ́ náà, orúnkún a sì máa wá pẹ́dàlì tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀tàn rẹ̀ tún wá burú: ojú ti mọ́ ìyára kẹ̀kẹ́, torí náà eré tó yá jù gan-an a máa dà bí ìrìn ìgbín lójú ẹni tó ń sá a. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ba ọjọ́ wọn jẹ́ ní kìlómítà àkọ́kọ́ yìí. Tirẹ̀, ó ń ṣẹ́ ìgbésẹ̀ kúkúrú, tí ẹsẹ̀ ń tètè kúrò nílẹ̀, apá sún mọ́ ìhà, ojú wà nílẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù. Ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32 ló fi parí ìyípo kìíní. Ìkejì, 15 àti 10.

Oòrùn ti wà ní àtàrí. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja ti wọ́ agbọ̀n wọn sábẹ́ agbòòrùn. Ọ̀kan nínú wọn ké sí i pé, "Ẹ kú làálàá o, ọmọ mi, ṣé kò tíì tó ni?" Ẹnu ọmọ náà ń mì bó ti ń kọjá. Mo rò pé ó ń gbàdúrà. Oríkì orílẹ̀ ìdílé wa ló ń kà.

Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ohun tí ooru kọ́kọ́ ń jí gbé nígbà tó bá fẹ́ di ewu ni ọpọlọ: eléré a máa sọ ìsọkúsọ, a máa ṣìnà lójú ọ̀nà tó mọ̀, òun gan-an kì í sì í mọ̀. Aago ọwọ́ lè sọ bí ọkàn ṣe ń lù, kò lè sọ bóyá orí ṣì pé. Torí náà ó máa ń ka oríkì tí ìyá mi fi kọ́ ọ láti kékeré, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bó bá fo ìlà kan, yóò dúró.

Ní ìyípo kẹta, nítòsí òpó iná kan, ó dẹ́kun eré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì rẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni tó ń wò ó á mọ̀. Ojú rẹ̀ balẹ̀. Èmi ni àyà mi já. Mo ti ṣí fèrèsé mọ́tò, ọ̀rọ̀ tí mo ṣèlérí pé n kò ní sọ ti dé ẹnu mi, pé ó ti sún mọ́ òpin, kó fi díẹ̀ kún un. Mo gbé e mì. Ó nawọ́ sí mi fún yìnyín, ó kó o sí abẹ́ fìlà àti sínú aṣọ, ó mu omi, ó sì ń rìn láti òpó iná yẹn sí èkejì, àti sí ẹ̀kẹta. Ó tún oríkì náà bẹ̀rẹ̀ láti orí. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, kò yára, ó dárúkọ àwọn tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti yẹ. Nígbà tó kà á tán láìfo nǹkan kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìgbésẹ̀ kúkúrú kan náà, bíi pé kò dúró rí.

Ìyípo kẹta gbà á ní ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ìkẹrin, tí oòrùn ti mú jù, tí èmi inú mọ́tò gan-an ń wá ibòji, gbà á ní 15 àti 12. Mo wo iye yẹn títí. Ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti ìyípo kejì kò ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, kìlómítà méjì ààbọ̀ gbáko, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Rírìn láti òpó dé òpó yẹn ló rà á fún un. N kò tíì rí aṣọ àdìrẹ tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dé ẹnu géètì, kò jókòó. Ó rìn yípo àgbàlá fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ inú bákẹ́ẹ̀tì omi tútù dé ìgúnpá, ó nu ara gbẹ, ó sì tún gun òṣùwọ̀n: 57.2. Ó ka ìgò àti omi inú ọ̀rá tó ti mu: lítà 3.8. Ó ṣírò rẹ̀ sójú ìwé. Ohun tó mu àti ohun tó fi fúyẹ́ jẹ́ nǹkan bíi lítà márùn-ún, ní wákàtí mẹ́rin. Òógùn rẹ̀ nínú irú oòrùn yìí jẹ́ lítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin fún wákàtí kan. Iye yẹn ni yóò gbé lọ sí Galveston.

Ìyá mi gbé ẹ̀bà àti ẹja tútù jáde, ó ní kó pa ìwé dé kó wá jẹun. "Mò ń bọ̀, Màmá, ó ku ìlà kan." Mo bẹjú wo ohun tó ń kọ. Ìlà oríkì tó fò ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú aago àti ibi tó ti fò ó, ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: yìnyín kò tó ní ìyípo kẹta, kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, kí n ra ìbọ̀sẹ̀ kejì.